PVC 21%, EF 42%: èwo ló bí èwo?

Apòògùn Kútọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Aláìsàn kan ló wà lọ́wọ́ mi, ẹni ọdún 46 ni. Holter, ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ àyà láti ka ìlù ọkàn fún wákàtí 24, ka ìlù ọkàn 103,000; 21,600 nínú rẹ̀ jẹ́ PVC, ìyẹn ìlù tó ń yọ láti yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Ẹ́kò, àwòrán ọkàn tí wọ́n ń fi ìró yà, gbé EF 42% jáde, ìyẹn ìdá ẹ̀jẹ̀ inú yàrá ìsàlẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde bó bá lù. Kò ní ìtọ̀ ṣúgà. Ìfúnpá rẹ̀ 148/92, hydrochlorothiazide, oògùn ìfúnpá tó ń mú ni tọ̀, ló ń lò. Ẹ̀rọ ìfúnpá ilé ń kọ "pulse 44" fún un, àwọn kan sì ti ń sọ pé pacemaker, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sára láti máa ta ọkàn jí, ló kù. Ṣé PVC ló sọ iṣan ọkàn di ọ̀lẹ, àbí iṣan tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń bí PVC?

ECG Ìdí-Abà

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ pacemaker sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. Ẹ̀rọ ìfúnpá kì í gbọ́ ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dé apá ló ń kà. PVC máa ń bọ́ sí àkókò tí yàrá ọkàn kò tíì kún, ẹ̀jẹ̀ tó tì jáde kéré débi pé kì í dé ọrùn ọwọ́. Bó bá jẹ́ ìlù gidi kan, PVC kan, ọkàn ń lu 88, ẹ̀rọ á kọ 44. Ẹ gbọ́ àyà, kí ẹ di ọrùn ọwọ́ mú lẹ́ẹ̀kan náà fún ìṣẹ́jú 1 gbáko, ẹ ó rí ìyàtọ̀ náà.

Lórí Holter, ẹ má gba iye nìkan, ẹ ní kí wọ́n fi àwòrán ìlù náà hàn yín. Bí wọn kò bá fá irun àyà, tí wọn kò fi sípírìtì nù ún kó gbẹ kí wọ́n tó lẹ wáyà ẹ̀rọ náà mọ́ ọn, òógùn oòrùn Abẹ́òkúta á tú u kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ̀rọ á sì máa ka ariwo wáyà mọ́ PVC. Iye náà sì ń yí: òní 9%, ọ̀la 18%. Bí ẹ bá rí ti ọjọ́ 7, ó sàn jù.

Ẹ́kò Lántòrò

Mo fẹ́ mọ orí ìlù tí wọ́n ti wọn 42% yẹn. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n lórí PVC fúnra rẹ̀, EF á kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá jẹ́ ìlù tó tẹ̀ lé PVC gan-an, á pọ̀ jù, torí ìsinmi gígùn ti jẹ́ kí yàrá náà kún dáadáa, ìlù yẹn sì máa ń le. Ìlù gidi méjì tó tẹ̀ léra ni kí wọ́n wá, kí wọ́n wọn èkejì. Bó bá jẹ́ kan sí kan ló ń lù ṣáá, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà ọjọ́ kan.

Dókítà Òkè-Ìlewó

Kò sí ẹni tó lè fi ẹ́kò kan ṣoṣo dáhùn èwo ló bí èwo. Dídín PVC kù ló ń fi hàn. Bó bá fi ìdá 80% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín kù, tí EF sì gòkè láàárín oṣù 3 sí 6 (ti ẹlòmíì ń tó ọdún kan), PVC ni olè. Bí PVC bá lọ tí EF kò mira, ẹ wá ìdí míì: ìfúnpá tó ti pẹ́, ọtí, iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn tó dí.

Ìdí tó fi ń sọ iṣan di ọ̀lẹ? PVC kì í gba ojú ọ̀nà iná ọkàn. Apá kan á sún kì, èkejì á tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìdádúró, bí ẹni méjì tó ń gún odó kan tí wọn kò bára wọn mu. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò ṣe nǹkan kan. Láti 10% sókè la ti ń ṣọ́ ọ, ewu náà sì le jù lókè 20%, pàápàá bí QRS rẹ̀, ìyẹn àkókò tí iná fi ń gba yàrá ìsàlẹ̀ kọjá, bá fẹ̀ ju 150 ms lọ. Síbẹ̀, àwọn tó ní 25% tí EF wọn dúró ṣánṣán wà.

Ẹ ya ECG (àwòrán iná ọkàn) wáyà 12 nígbà tí PVC wà níbẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá jọra, tó dúró sókè ní wáyà II, III àti aVF, tó sì jọ LBBB (ìrísí ìgbà tí ọ̀nà iná apá òsì bá dí) ní wáyà V1, ẹnu ọ̀nà àbájáde yàrá ọ̀tún ló ti sábà ń wá, ibẹ̀ sì rọrùn fún ablation, ìyẹn fífi wáyà jó ojú ibi tí PVC ti ń yọ. Bí ìrísí rẹ̀ bá pọ̀ lóríṣiríṣi, mo máa ń fura sí àpá nínú iṣan. MRI ló ń fi ìyẹn hàn.

Bisoprolol, oògùn tó ń dẹ ìlù ọkàn, 1.25 tàbí 2.5 mg la fi ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹ béèrè ikọ́ fée ná. Flecainide, oògùn míì tó ń pa PVC, rárá, nígbà tí EF ṣì wà ní 42%: ìwádìí CAST ní 1989 fi hàn pé ó dín PVC kù lóòótọ́ lára àwọn tó ti ní heart attack rí, ṣùgbọ́n àwọn tó kú pọ̀ sí i. Oògùn ọkàn tó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró de ìdáhùn èwo ló bí èwo, àmọ́ èyí tó ń gbé potassium sókè nínú wọn ní láti dúró de èsì potassium àti kíndìnrín. Bí aláìsàn náà bá dákú, kí wọ́n gbé e wá lọ́jọ́ náà.

Apòògùn Kútọ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Láàbù kọ potassium 5.6, ó ga. Ṣé ká dá hydrochlorothiazide náà dúró?

Dókítà Òkè-Ìlewó

Oògùn yẹn ń fa potassium wálẹ̀ ni, 5.6 kò bá a mu. Wọ́n lè ti so okùn mọ́ apá rẹ̀ pẹ́ nígbà tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀, kó máa di ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ náà jókòó láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ yí i láti ya omi rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ tún un fà láì di ẹ̀ṣẹ́, kí wọ́n yí i láàárín wákàtí kan, kí ẹ fi magnesium àti tàírọ́ìdì kún un. Kí èsì náà tó dé, ẹ má fún un ní potassium kankan, kí ẹ sì béèrè bóyá ó ń jẹ obì, torí kaféènì inú rẹ̀ lè máa ta ọkàn jí.