Kí ló dé tí "turn off it" fi jẹ́ àṣìṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Ọmọ mi tó wà ní JSS 2 kọ "turn off it" sínú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, olùkọ́ fa igi sí i, ó ní "turn it off" ló tọ̀nà. Ọmọ wá bi mí pé ṣebí "turn off the light" àti "turn the light off" tọ̀nà bákan náà? Ẹnu mi wọhò.

Mo ṣàkíyèsí pé tó bá ti jẹ́ arọ́pò-orúkọ bí it, him tàbí them, àárín ló máa ń wà: "pick him up", kì í ṣe "pick up him". Mo rò pé mo ti gbá a mú, àfi ìgbà tí mo dé orí "look after him". Ìyẹn ò gbà kí him bọ́ sáàárín rárá!

Ṣé ọ̀nà kan wà tí a fi ń dá èyí tó ń gba àárín mọ̀, àbí àkọ́sórí ni gbogbo rẹ̀? Ẹ fún mi ní àpẹẹrẹ tó máa yé ọmọ ọdún 12, ẹ jọ̀ọ́.