Báwo ni Ramenman ṣe di ẹni tí a fẹ́ràn nínú Kinnikuman?

Ìbéèrè, láti Ìlọrin:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Èmi àti àbúrò mi ń wo Kinnikuman, eré àwòrán Japan tó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1983. Ọ̀rọ̀ Ramenman, ajàkadì ará Ṣáínà, ni kò yé mi. Ó pa bàbá Brocken Jr., ajàkadì mìíràn nínú eré náà, láìṣàánú, síbẹ̀ nígbà tó yá, inú mi ń dùn bí mo bá ti rí i. Kí ló fà á?

Ìdáhùn, láti Ọ̀fà:
Àbúrò mi, ìjàkadì l'orò Ọ̀fà, nítorí náà mo fi ara balẹ̀ wo ọkùnrin yìí dáadáa. Kò yí padà lójijì. Nígbà tí Brocken Jr. wá gbẹ̀san ikú bàbá rẹ̀, Ramenman borí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa á. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí àánú lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Warsman, ajàkadì mìíràn, ṣe é léṣe ní orí débi pé kò lè dá nǹkan kan ṣe mọ́, àfi ìgbà tó fi ìbòjú padà wá, tó ń jẹ́ Mongolman, tó sì ń ran Kinnikuman, akọni eré náà tí wọ́n ti jọ figagbága rí, lọ́wọ́.

Ìdáhùn, láti Òmù-Àrán:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Ẹ tún wò ó pé Buffaloman, tí òun náà ti jẹ́ ọ̀tá, ni Mongolman bá ṣe ẹnìkejì nínú ìdíje ẹlẹ́ni-méjì. Ìyẹn wú mi lórí gan-an.

Láti Ìlọrin:
Mo dúpẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. A ó tún ìjà òun àti Brocken Jr. wò lálẹ́ òní.