Òkúta Goa inú àpótí wúrà: ṣé ẹ̀rọ̀ májèlé ni lóòótọ́?

Àdùkẹ́: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Mo rí àwòrán òkúta róbótó kan tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York, tí wọ́n gbé sínú àpótí wúrà tí wọ́n dárà sí lára. Wọ́n ní Goa ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti ṣe é, àti pé ńṣe ni wọ́n ń ha á sínú ohun mímu fún aláìsàn. Kí ni wọ́n fi ṣe é, ṣé ó sì ń ṣiṣẹ́?

Àkàndé: Àdùkẹ́, àfarawé ni èyí tí o rí. Ojúlówó rẹ̀ ni bezoar, òkúta tí ó máa ń dì sínú ikùn ewúrẹ́ igbó ní ilẹ̀ Páṣíà, nígbà tí irun tàbí koríko tí kò dà bá dúró síbẹ̀, tí iyọ̀ sì ń bò ó ní ìpele-ìpele títí yóò fi le, tí yóò sì máa dán bí ẹyin. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn Páṣíà àti Lárúbáwá ni àwọn ará Yúróòpù ti gbọ́ pé ẹ̀rọ̀ májèlé ni. Nítorí pé ojúlówó ṣọ̀wọ́n, àwọn àlùfáà Jesuit ní Goa ń po amọ̀, ìkarahun lílọ̀, oje igi àti ohun olóòórùn dídùn pọ̀, wọ́n á sì fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun, Bàbá Àkàndé. Ní ti pé ó ń ṣiṣẹ́, Ambroise Paré, oníṣẹ́ abẹ ọba Charles Kẹsàn-án ti ilẹ̀ Faransé, ti dán bezoar wò. Alásè kan jí àwo fàdákà méjì, wọ́n fẹ́ so ó kọ́. Ó gbà kí wọ́n fún òun ní májèlé àti òkúta náà, pé bí òun bá yè, kí wọ́n dá òun sílẹ̀. Nígbà tí Paré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń rá lórí ọwọ́ àti orúnkún, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní etí, imú àti ẹnu rẹ̀. Wákàtí méje ni ó fi jẹ̀rora kí ó tó kú. Ó dùn mí gan-an pé ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n fi wádìí ohun tí wọn ìbá fi ajá wádìí.

Àkàndé: Òótọ́ ni, Ìyá Ìbejì, síbẹ̀ ọjà rẹ̀ kò kú. Ní London, ọ̀gbẹ́ni Lopus ra ọ̀kan ní 100 pọ́n-ùn lọ́wọ́ Chandelor, alágbẹ̀dẹ wúrà, ó sì wá rí i pé kì í ṣe bezoar. Ní 1603, ilé ẹjọ́ dá alágbẹ̀dẹ náà láre, nítorí pé ó kàn sọ pé bezoar ni, kò fọwọ́ sọ̀yà. Lójú tèmi, ẹjọ́ náà kò tọ́: ta ni nínú àwọn oníbàárà ni ì bá mọ̀ ọ́n yàtọ̀?