Iná kò wọ bátìrì ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ mọ́: kí ni kí n yẹ̀ wò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa àtúnṣe. Iná ṣájà ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú àtijọ́ kan tí mo fẹ́ràn gan-an máa ń tàn díẹ̀, yóò sì kú. Bátìrì lithium rẹ̀, tí ó yẹ kí ó dé fólítì 4.2 bí ó bá kún, kò kọjá 3.1 lórí mítà tí mo fi ń wọn fólítì, bẹ́ẹ̀ iná ń dé ihò ṣájà dáadáa, fíúsì kò sì já. Bátìrì tuntun kò yí nǹkan kan padà.

Ṣé áísì, ìyẹn ẹ̀yà kékeré orí bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ náà tó ń darí iná sínú bátìrì, ló bàjẹ́, àbí òjé tó so ihò ṣájà mọ́ bọ́ọ̀dù ló sán? Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe lè fi mítà mọ èyí tó jẹ́ kí n tó fi irin gbígbóná kan bọ́ọ̀dù náà, nítorí irú rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n?