Sẹ́fà Linux mi kì í kú ire: ẹ gbà mí o

Olùbéèrè, Ọ̀nà Ọba Adésídà, Àkúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Orí sẹ́fà Debian kan (irú Linux kan) nínú Proxmox (ètò tó ń gbé irú sẹ́fà bẹ́ẹ̀ ró nínú ẹ̀rọ) ni àkọsílẹ̀ ọjà ṣọ́ọ̀bù wa wà. Tó bá ń ṣiṣẹ́, kò sí wàhálà. Àfi ká fẹ́ pa ẹ̀rọ lálẹ́, yóò dúró gbagidi, ọ̀rọ̀ funfun á bo gbogbo ojú rẹ̀, mo ń rí "Call Trace" níbẹ̀, kó tó wá kú lójijì. Tílẹ̀ bá mọ́, MariaDB tó ń tọ́jú dátábéèsì wa á ní òun kò kú dáadáa lánàá, òun ń tún ara òun ṣe. Àwọn oníbàárà á dúró tì mí, wọ́n á máa pòṣé. Ọ̀gá mi ní mi ò mọṣẹ́, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ń kẹ́yìn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ta ẹ̀rọ fún wa ò gbé fóònù mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbejì:
RAM, ìrántí ẹ̀rọ, ni. Tèmi ní Oǹdó náà bẹ̀rẹ̀ báyìí. Mo yọ ọ́, mo nù ún, mo dá a padà, ó tán. Ẹni tí mo gbé e fún tẹ́lẹ̀ ti gbowó lọ́wọ́ mi lórí pé bọ́ọ̀dù ló jóná.

Ọmọ Ìjàpọ̀:
Ta ló ń pa sẹ́fà lálẹ́? Sẹ́fà kì í sùn!

Màmá Tẹ́ẹ̀kì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bá a wí. Ta ni yóò máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ di òwúrọ̀?

Ẹlẹ́rọ Alágbàká:
Call Trace, ìyẹn ìtọpa iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe lọ́wọ́, nìkan kò túmọ̀ sí pé kernel, ọkàn Linux, ti dákú. Ìlà tó wà lókè rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ tẹ journalctl -b -1 -e, kẹ́ ẹ fi wo àkọsílẹ̀ ìgbà tó tàn ṣáájú èyí. Ṣùgbọ́n journald tó ń kọ àkọsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀ máa ń kú kí gbogbo rẹ̀ tó parí, ẹ ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ náà.

Olùbéèrè:
Mo ti fi memtest yẹ RAM wò, kò rí nǹkan kan. Mi ò lè fi í sílẹ̀ ní títàn, bátìrì ínfátà wa ò gbé e di òwúrọ̀. Ohun tó kọ nìyí: "task umount blocked for more than 120 seconds".

Bàbá Ìbejì:
Ẹ ṣáà nu RAM yẹn.

Ẹlẹ́rọ Alágbàká:
umount kẹ̀? Àṣẹ tó ń yọ fóldà tàbí díìsìkì tí a so mọ́ ẹ̀rọ nìyẹn. Kí ló fẹ́ yọ? Ṣé fóldà kan ń ti orí ẹ̀rọ míì wá ni?

Olùbéèrè:
Àwòrán ọjà àti ẹ̀dà dátábéèsì wà lórí kọ̀ǹpútà kékeré kan ní yàrá ẹ̀yìn. NFS, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kan lo fóldà tó wà lórí ẹ̀rọ míì, ni mo fi so wọ́n pọ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré yẹn la máa ń kọ́kọ́ pa, torí ó ń jẹ bátìrì. Ìyẹn ò kúkú kan sẹ́fà, Linux ni mò ń béèrè.

Ẹlẹ́rọ Alágbàká:
Òun gan-an ló kàn án! Bí NFS ṣe wà láìyí i padà, títí láé ni yóò máa pe ẹ̀rọ tí ẹ ti pa yẹn. Sẹ́fà á dúró dè é, Proxmox á dúró de sẹ́fà. Tí ìṣẹ́jú àáyá 180 bá pé, Proxmox á já a lulẹ̀ tipátipá, MariaDB lè ṣì wà nínú rẹ̀. Sẹ́fà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa, kó kú tán, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ti yàrá ẹ̀yìn.

Ọmọ Ìjàpọ̀:
Tàbí kó fi soft sínú fstab, fáìlì tó ń sọ fóldà tí sẹ́fà máa so mọ́ra, kó lè jáwọ́ tí ẹ̀rọ kejì ò bá dáhùn.

Ẹlẹ́rọ Alágbàká:
Rárá o! Tí ẹ̀rọ yẹn bá lọ nígbà tó ń kọ nǹkan lọ́wọ́, soft lè jẹ́ kí fáìlì bàjẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀. Ó sàn kó fi x-systemd.automount àti x-systemd.idle-timeout=60 sí i, kó máa tú fóldà náà fúnra rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá lò ó.

Olùbéèrè:
Mo kọ́kọ́ pa sẹ́fà lálẹ́ àná. Wẹ́rẹ́ ló kú. MariaDB ò sọ nǹkan kan láàárọ̀ yìí. Ẹ ṣeun gan-an ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bátìrì wa ṣì wà níbẹ̀ o.

Ẹlẹ́rọ Alágbàká:
Ká tó dé orí bátìrì, ẹ ṣí ẹ̀dà dátábéèsì tó wà ní yàrá ẹ̀yìn lónìí. Ẹ dá a padà sórí sẹ́fà míì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó pé.