Ẹ yọ "ìfaradà" kúrò nínú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Dòmíníkà yẹn

Ẹ̀yin ará, mo kí yín.

Mo ka ìtumọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa olùkọ́ gbé síwájú wa lánàá, èyí tí wọ́n fẹ́ kà lórí rédíò, nípa bí wọ́n ṣe ṣírò ohun tí omi àti ìjì bà jẹ́ ní Dòmíníkà, erékùṣù kékeré tó wà ní òkun Kàríbíánì (kì í ṣe Dominican Republic o). Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n "ìfaradà àjálù" tí ẹ fi túmọ̀ resilience, ìyẹn kí àjálù má lè bi ìlú ṣubú, kò gbé e rárá.

Ẹ tú u palẹ̀: ì-fi-ara-dà. Ẹ wo "ara" tó wà láàárín yẹn. Ara ni ẹni tó ń faradà fi ń gba ìyà. Obìnrin tí ọkọ ń lù, ìfaradà la fi ń rọ̀ ọ́. Òṣìṣẹ́ tí wọn ò sanwó oṣù fún, ìfaradà náà ni. Ṣé ohun tí àwọn ará Dòmíníkà ní àwọn fẹ́ ṣe nìyẹn? Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 2015, òjò ìjì Erika rọ̀ sórí àwọn òkè ibẹ̀, odò kún àkúnya, ẹrẹ̀ àti igi ńlá wọ́ wálẹ̀ bo ilé. Abúlé Petite Savanne bàjẹ́ débi pé wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ kúrò, ìjọba sì kọ́ ilé tuntun fún wọn ní Bellevue Chopin. Ẹni tó bá ń faradà, Petite Savanne ni ì bá jókòó sí! Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ìjì Maria dé lóru. Kò mojú olórí ìjọba. Òrùlé ilé Roosevelt Skerrit gan-an bá ìjì lọ. Òun náà ló wá kéde pé Dòmíníkà yóò di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ lágbàáyé tí ojú ọjọ́ tó ń yí padà kò ní lè bì ṣubú, wọ́n sì dá àjọ CREAD sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Òrùlé tí a dè mọ́ ilé ṣinṣin, ilé tí kò sí lójú àgbàrá, èwo ni ìfaradà nínú ìyẹn?

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé yẹn là ń wá ọ̀rọ̀ fún. Ìdí tí mo fi dá "àìgbàfágbàrá" lábàá nìyẹn. Ó gùn, mo gbà, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ọ kò ní béèrè ìtumọ̀. Ìyá bàbá mi kì í sọ pé òun ń fara da òjò. Bí oṣù Kẹta bá ti wọlé, wọ́n á la ojú àgbàrá lẹ́yìn ilé, wọ́n á to òkúta sídìí ògiri, wọ́n á ní, "Èmi ò ní gbà fún un lọ́dún yìí náà."

Àbúrò wa kan ní àì- kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rere, ó ní ká wo àìsàn, ká wo àìní. Àìkú tó parí ìwà ńkọ́? Àìṣègbè ńkọ́? Ohun tí àì- bá kọ̀ ni ká wò.

Ó tún ku "òfo" tí ẹ fi pe gbogbo ohun tí ìjì gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n, òfò lẹ fẹ́ kọ. Àmì ohùn kan ṣoṣo lẹ gbàgbé, ọ̀rọ̀ sì di ti àwo tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ká tiẹ̀ fi àmì sí i, kò tíì tán, torí àwọn tó ṣírò Maria ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ohun tó fọ́, bí ilé àti ọ̀nà, jẹ́ mílíọ̀nù 931 dọ́là Amẹ́ríkà. Owó tí kò ní wọlé mọ́ nítorí pé wọ́n fọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 382. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 226% gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè náà pa wọlé lọ́dún 2016. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ kan pe méjèèjì! Ìbàjẹ́ ni ti àkọ́kọ́, àdánù ni ti èkejì. Ìyá alákàrà tí omi gbé agbada rẹ̀ lọ mọ̀ pé agbada lọ́tọ̀, èrè ọjọ́ tí kò rí àkàrà dín lọ́tọ̀.



Ẹ̀gbọ́n ní ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn lórí "ìdíyelé" tí ẹ fi ṣe àkọlé. Ọjà là ń díye lé. Àwọn tó kú, àtàwọn tí odò gbé lọ tí a kò rí òkú wọn sin, wà nínú ìwé ìṣirò kan náà. Kí lẹ fẹ́ kà sí wọn lórí?