Ṣé igi ló ń fún gìtá oníná ní ohùn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Gìtá:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ ń ta gìtá. Gìtá ìjọ ni mò ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íbàdàn, mo wá tọ́jú owó díẹ̀ láti ra tèmi. Méjì ló wù mí. Ọ̀kan jẹ́ gìtá oníná àwòṣe Les Paul, ẹni tó ń tà á ní ojúlówó igi mahogany ni. Èkejì jẹ́ àlòkù àwòṣe Stratocaster. Kò sẹ́ni tó mọ igi tó wà lábẹ́ ọ̀dà pupa rẹ̀. Owó ti àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti èkejì. Ọ̀gá tó ń ta àkọ́kọ́ ní igi ni ohùn, pé ẹni tó bá ra igi yẹpẹrẹ, ohùn yẹpẹrẹ ló rà. Káfíńtà àdúgbò wa tún ti gbọ́, ó ní òun á fi ọ̀gànwó gbẹ́ ara gìtá fún mi, kí n kàn lọ ra irin àti wáyà tó kù. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n gbà gbọ́?

Ọmọ Àyàn:
Ṣé ìyẹn náà ń fẹ́ ìbéèrè ni? Nílé tiwa, a kì í kàn gé igi tá a bá rí kí a fi gbẹ́ ìlù. Igi ọ̀mọ̀ làwọn bàbá wa máa ń wá. Mi ò ta gìtá rí o, àmọ́ igi tí kò lóhùn, kò lóhùn náà ni.

Atún-ẹ̀rọ-ṣe:
Ẹ̀gbọ́n wa Ọmọ Àyàn, ẹ ò jẹ̀bi ní ti ìlù, bẹ́ẹ̀ náà ni gìtá tí kì í lo iná. Inú wọn ṣófo. Afẹ́fẹ́ inú wọn àti ojú wọn tó fẹ́lẹ́ ló ń gbé ohùn jáde. Gìtá oníná tí inú rẹ̀ dí kì í ṣiṣẹ́ báyẹn. Àbúrò, wo abẹ́ okùn rẹ̀, wàá rí pickup. Òòfà ni, wọ́n wé wáyà bàbà tín-ín-rín mọ́ ọn lára lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí okùn irin bá ń gbọ̀n lókè òòfà yẹn, iná kékeré á máa ṣàn nínú wáyà, iná yẹn ló ń lọ sínú amplifier, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Tí o bá ta okùn ọ̀rá sí gìtá yẹn dípò okùn irin, o ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ nǹkan kan, bó ti wù kí mahogany rẹ̀ jẹ́ ojúlówó tó.

Gìtá oníná tí ilé iṣẹ́ Rickenbacker gbé sọ́jà ní Amẹ́ríkà ní 1932, alumíníọ̀mù ni wọ́n dà. Danelectro fi masonite, ìyẹn pátákó tí wọ́n fi èérún igi tẹ̀, ṣe tiwọn láàárín 1950 sí 1960. Ní 1969, Ampeg gbé èyí tí Dan Armstrong ṣe jáde, plástíìkì tí èèyàn ń rí òdìkejì rẹ̀. Kò sí èyí tó yadi nínú wọn. Olórin Nashville kan, Jim Lill, tiẹ̀ na okùn láìsí ara gìtá kankan níbẹ̀, ó gbé pickup sábẹ́ rẹ̀, ó sì gbà á sílẹ̀ kí gbogbo ayé gbọ́. Ẹ wá a lọ sórí YouTube.

Ọmọ Àyàn:
Háà. Plástíìkì kẹ̀?

Àǹtí Béèsì:
Atún-ẹ̀rọ-ṣe, ẹ rọra o. Béèsì kan wà lọ́wọ́ mi, tí mo bá tẹ okùn G ní nǹkan bíi fret (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn rẹ̀) karùn-ún sí ìkeje, ohùn á kú kí n tó yọwọ́. Mo pààrọ̀ okùn, mo pààrọ̀ pickup, ibi kan náà ló ṣì ń kú sí. Ẹni tó bá ní igi kò já mọ́ nǹkan kan, kó wá ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Atún-ẹ̀rọ-ṣe:
Àǹtí, mo gbà fún yín níbẹ̀ yẹn. Ọrùn ni. Tí ọrùn bá ń gbọ̀n mọ́ okùn ní ìwọ̀n kan náà, á fa agbára okùn mu, nóòtì á kú. Ọ̀pọ̀ béèsì ló ní in. Àmọ́ bí ọrùn ṣe le tó àti bó ṣe wúwo tó ni ọ̀rọ̀ wà. Orúkọ igi kọ́, torí ọrùn méjì tí wọ́n gé lára ìtì kan náà lè má ṣe bákan náà.

Onípákó Bódìjà:
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń ta pákó dá sí i. Ọ̀gànwó àti mahogany tí Gibson, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Les Paul, ń lò látijọ́, ẹbí ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àárín Gbùngbùn àti Gúúsù Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ni tiwọn ti ń hù. Ẹ̀yin ò sì mọ̀ pé afárá tiwa yìí wà nínú ìtàn gìtá! Òun ni wọ́n ń pè ní limba, tí Gibson ń pè ní Korina, tí wọ́n fi ṣe gìtá Flying V àti Explorer ní 1958. Kò tà nígbà yẹn, wọn ò ṣe é pẹ́. Àwọn ìwọ̀nba tó kù ti di olówó gọbọi báyìí, nítorí pé wọn ò pọ̀ ni o. Afárá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi kò gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀.

Àbúrò, tí káfíńtà bá máa gbẹ́ ẹ, ẹ bi í bóyá pákó rẹ̀ ti gbẹ dénú. Pákó tútù á yọ́ gbun, kòkòrò sì fẹ́ràn afárá púpọ̀.

Bàbá Jùjú:
Gìtá tó dà bíi tábìlì, tí King Sunny Adé mú wọnú jùjú, tí wọ́n ń fi irin fà lórí okùn, ta ló bi í léèrè igi rí? A kàn ń jó ni.

Ra pupa yẹn, ọmọ mi. Fi owó tó kù ra okùn tuntun àti amplifier tó dáa. Ṣùgbọ́n gbé méjèèjì kọ́rùn ná. Les Paul máa ń wúwo, ìsìn tiyín sì lè gùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Gìtá:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Pupa ni mo máa lọ yẹ̀ wò lọ́jọ́ Sátidé. Kí ni kí n wò lára ọrùn rẹ̀?

Àǹtí Béèsì:
Gbé e sójú bí ẹní yìnbọn, wò ó láti orí títí dé ìdí bóyá ó yọ́. Lẹ́yìn náà, tẹ gbogbo fret lórí okùn kọ̀ọ̀kan, kí o sì jẹ́ kí nóòtì kú fúnra rẹ̀ kí o tó tẹ òmíràn. Kí o má sì jẹ́ kí ẹni tó ń tà á rí i pé ọ̀dà pupa ti wọ̀ ẹ́ lójú kí ẹ tó dúnàádúrà.